Ìdí Ọkọ̀ Clovis Trosclair

Wọ́n ní torí pé èèyàn fẹ́ jẹ màlúù, kò yẹ kó máa pe màlúù ní bùrọ̀dá. Èmi pè é. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìbùkún ọkọ̀, mo dúró lábẹ́ ilé Clovis Trosclair tí wọ́n kọ́ sórí òpó gíga, mo bọ́ fìlà, mo sì pè é ní Bùrọ̀dá Clovis, nítorí pé ní gbogbo Petit Chêne, ìlú apẹja tiwa, òun nìkan ló kù tó ní ọkọ̀ ojú omi tó fẹ́ tà.

Ìjì ọdún tó kọjá ló gbé tèmi. Ó wọ́ ọ kúrò léèbúté, ó gbé e wọ inú àbàtà, ó sì gbá a mọ́ igi óákù títí ó fi là sí méjì. Opó ni mí, iṣẹ́ akàn ni mo ń ṣe, ìgèrè onírin mi sì tò jọ lẹ́yìnkùlé níbi tí koríko ti ń gba àárín wọn hù jáde. Ìjọba ti odò pa fún ìgbà díẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì máa ṣí i. Ẹni tí kò bá ní ọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé, àwọn ẹlòmíràn á ti gba ojú ibi tó máa ń dẹ ìgèrè sí, kò sì ní rí i gbà padà títí ọdún fi máa parí.

Kí ẹ má baà rò pé ìwà burúkú lásán ló ń dà mí láàmú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Clovis fi ṣe mí. Ó dúró níbi tí gbogbo wa ti ń ta akàn, lójú àwọn èèyàn, ó ní Ferrel ọkọ mi ń fa ìgèrè òun lábẹ́lẹ̀, ó ń kó akàn inú rẹ̀. Ní odò tiwa, ẹni tó bá ń fa ìgèrè onígèrè, ẹ̀sẹ̀ wo ló tún kù tí kò lè dá? Ferrel búra. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Àìsàn kọlù ú lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ olè ló sì gbé wọnú ilẹ̀. Leontine, ìyàwó Clovis, tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, kò dúró tì mí. Èmi ni mo gbé Renella ọmọ wọn sọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún un, èmi ni ìyá ìrìbọmi rẹ̀, àmọ́ látìgbà náà, ọmọ yẹn kì í kí mi. Nígbà tí Leontine náà kú, mo se ìkòkò ìrẹsì àti sọ́séèjì ránṣẹ́ sílé wọn. Wọ́n dá ìkòkò náà padà, ọ̀rá tí mo fi dé e kò tilẹ̀ ṣí.

Èèyàn tí mo lọ pè ní bùrọ̀dá nìyẹn.

Mo mú Nolan àbúrò mi dání kí n lè ní ẹlẹ́rìí. Nolan kò fẹ́ràn ìjà. Ìrẹsì àti sọ́séèjì ló fẹ́ràn, kò sì lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ tó bá nàró. Nínú ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù, ó bẹ̀ mí pé kí n ra ọkọ̀ náà, kí n sanwó, kí n má sọ ọ̀rọ̀ kankan ju bẹ́ẹ̀ kọ́ àti bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní mo gbọ́.

Ọkọ̀ náà wà lórí ọmọlanke onírin rẹ̀ lábẹ́ ilé, fáíbà funfun tó ní ilà ewé lára, ọ̀dà rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Kò sí ohun tí ọ̀dà yẹn sọ fún mi. Kí Fada tó wá bùkún ọkọ̀, gbogbo wa la máa ń kun tiwa, olówó kun ún, tálákà kun ún, ọkọ̀ tó sàn àti ọkọ̀ tó ń kú lọ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí èèyàn bá fẹ́ ta ọkọ̀ burúkú, ọ̀sẹ̀ ìbùkún ni kó tà á.

Mi ò wo iwájú ọkọ̀, mi ò wo ìjókòó. Ìdí rẹ̀ ni mo lọ tààrà, ògiri ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì ń so rọ̀ mọ́. Fáíbà ló wà lóde ibẹ̀, fáíbà ló wà nínú, àmọ́ pákó pẹlẹbẹ ló wà láàrin, pákó yẹn ló sì ń gbé gbogbo ìwúwo ẹ́ńjìnnì. Bí omi bá rí ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́, á wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Pákó á máa jẹrà nínú òkùnkùn, awọ òde á sì máa dán. Ọjọ́ tí o bá wà lójú agbami tí ìgbì ń gbé ọ sókè sódò ni ẹ́ńjìnnì á já ìdí ọkọ̀ gbà lọ, omi á gba ẹ̀yìn wọlé, ọkọ̀ á sì rì kí o tó wá ẹ̀wù ìléfòó rẹ rí. Mo mọ ẹni tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀yin náà ì bá mọ̀ ọ́n ká ní wọ́n rí òkú rẹ̀.

Mo yọ sikurudiráfà nínú àpò, mo dì í mú ní irin, mo sì ń fi èèkù rẹ̀ kan ìdí ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Clovis ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó béèrè pé ṣé dókítà ni mí ni. Mo ń kan ọkọ̀ lọ. Lókè, níbi tí àwọn bóòtì wà, irin tó de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọkọ̀, ó ń dún kó, kó, kó, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn gidi. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣì dáa. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí i lápá òsì, sísàlẹ̀ pátápátá, ohùn náà sì kú. Bù, bù. Mo padà sókè, ó dún kó. Mo tún sọ̀ kalẹ̀, bù. Nolan gbọ́ ọ. Ó yíjú sápá odò bí ẹni pé ó ń wo ẹyẹ.

Mo ní kí Nolan dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì kó máa mì ara rẹ̀. Ó gun orí rẹ̀, ó mì, èmi sì tẹjú mọ́ etí ìdí ọkọ̀ lókè. Ó ń rìn. Kò pọ̀, ó kàn ń lọ ó ń bọ̀ bí eyín tó ti mì. Mo fi han Clovis.

Clovis ní Nolan ló sanra jù. Ó ní bó bá gun ilé òun pàápàá, ilé náà á mì.

Ní ibi tí ohùn ti kú yẹn ni àwọn mẹ́dààlì Leontine wà. Lọ́dọọdún, Fada máa ń fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́dààlì Pétérù Mímọ́, ìdí ọkọ̀ la sì máa ń fi sikúrù dè é mọ́. Àwa yòókù máa ń fi gọ́ọ̀mù tó ń dí omi kún ihò náà ká tó dè é. Leontine kò gbà. Ó ní ṣé bàtà ni ẹni mímọ́ tí a ó máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́? Àwa ń dè é sókè, òun ń dè é sísàlẹ̀, ó ní kí Pétérù lè máa rí omi tó ní kó ṣọ́. Ó lé ní mẹ́wàá tó tò síbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì láti ìsàlẹ̀ gòkè, Clovis sì ti fi burọ́ọ̀ṣì kékeré kun ọ̀dà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká kó má baà ta sí ojú ẹni mímọ́. Mo rí iṣẹ́ burọ́ọ̀ṣì yẹn. Mo rí i pé ọkùnrin náà ti kúnlẹ̀ níbẹ̀ pẹ́. Inú sì bí mi pé mo rí i.

Mo ní, "Bùrọ̀dá Clovis, ẹ jẹ́ kí n tú sikúrù kan."

"Sikúrù wo?"

"Ti mẹ́dààlì kan ṣoṣo. Tó bá jáde ní gbígbẹ, mo ra ọkọ̀ yín bó ṣe wà, mi ò ní ná ọjà rárá."

Ojú rẹ̀ yí. Ó ní, "Leontine ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ dè é. Ìyàwó Ferrel kọ́ ló máa tú u."

Kó tó parí gbólóhùn yẹn, mo ti fi sikurudiráfà sí i. Mi ò tilẹ̀ lo agbára. Sikúrù náà ń yí lọ́fẹ̀ẹ́ bíi pé inú bọ́tà ni wọ́n dè é sí, ó sì jábọ́ sí mi lọ́wọ́. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tínrín bí eegun ẹja. Omi tẹ̀ lé e. Omi pupa, tó ń kán tó, tó, tó sórí bàtà rọ́bà mi, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ òórùn ewé tó ti pẹ́ nínú àbàtà.

Clovis ní omi tí òun fi fọ ọkọ̀ láàárọ̀ ni.

Mo ní omi fífọ̀ kì í rùn báyìí. Mo ní ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ti jẹrà, pé gbogbo ihò tí wọ́n lu síbẹ̀ láìfi gọ́ọ̀mù dí ló ń mu omi látọdún tó pẹ́. Mi ò pe orúkọ Leontine. Kò sídìí fún mi láti pè é, gbogbo wa la mọ ẹni tó lu ihò.

Bí Renella ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nìyẹn, òun àti ọ̀pá gígùn tí a fi ń kọ́ ọkọ̀ mọ́ra. Ó ga bí ìyá rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ odò fúnra rẹ̀ bí ọkùnrin. Ó ní, "Ìyàwó Ferrel, gbé ọwọ́ kúrò lára nǹkan ìyá mi."

Èmi tí mo gbé e sọ́wọ́ lójú omi ìrìbọmi. Ìyàwó Ferrel.

Clovis wá la ẹnu ńlá. Ó ní, "Ọkọ ẹ fa ìgèrè mi títí tó fi kú. Ìwọ wá fẹ́ ba ọkọ̀ mi lórúkọ jẹ́ kí o lè rà á ní ẹ̀dínwó. Ìran olè kì í yí padà."

Bùrọ̀dá tán lẹ́nu mi. Mo ní, "Ọkọ mi ò fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ tìrẹ rí. Ìdí ọkọ̀ rẹ ti jẹrà bí ẹnu rẹ ṣe jẹrà."

Ó rìn lọ síwájú ọkọ̀, ó já páálí tí wọ́n kọ "TÍTÀ" sí, ó sì fà á ya. Ó ní òun ò tà mọ́. Ó ní òun ti ra ẹ́ńjìnnì tuntun tó tóbi jù, tí òun fẹ́ gbé sórí ọkọ̀ mìíràn, àmọ́ orí èyí gan-an ni òun máa gbé e sí wàyí, Renella á sì gbé e kọjá ẹnu odò lọ sójú òkun lọ́jọ́ Ajé, kí èmi dúró sétí odò kí n máa wò ó. Ó sọ ọ́ láti fi bí mi nínú. Àmọ́ ojú Renella là, ó ṣe tán, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú lásán mọ́.

Nígbà tí a padà sínú pikọ́ọ̀pù, Nolan ní mo ti sọ ohun tí mo mọ̀, ó kù sọ́wọ́ oníǹkan. Mo ní ṣé òun náà gbọ́ ohùn pákó yẹn. Ó ní òun gbọ́ ọ. Mo ní kó lọ sọ fún Clovis pé òun gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àbúrò yín ni mí. Bí mo bá sọ ọ́, ẹnu yín náà ni wọ́n máa gbọ́."

Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí. Ká ní ẹlòmíràn ló rí omi yẹn, Clovis ì bá ti yọjú wo inú ihò. Torí pé èmi ni, omi di omi fífọ̀, pákó jíjẹrà sì di ẹ̀tàn ọjà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ bá Fada. Ará Íńdíà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́, kò mọ ọkọ̀ ju pé ó ń léfòó. Ó lọ bá Clovis nítorí tèmi, ó sì padà wá pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì. Clovis ti sọ fún un pé obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀ òun, ó ti dé orí àwọn ẹni mímọ́ ìyàwó òun, bóyá sàréè ló máa kàn. Fada bẹ̀ mí pé kí n gbàdúrà. Mo ní kí òun náà gbàdúrà kí pákó tó ti jẹrà di tuntun.

Mo wá Renella lọ fúnra mi. Ó wà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja ìdẹ, ó ń gbé páálí ẹja tútù sẹ́yìn pikọ́ọ̀pù rẹ̀, ẹrù ọjọ́ Ajé. Mo dúró jìnnà díẹ̀ kó má baà rò pé ìjà ni mo bá wá. Mo sọ ọ́ ní ṣókí. Mo ní má gbé ọkọ̀ yẹn kọjá ẹnu odò. Bó bá jẹ́ nínú odò nìkan, lábẹ́ ẹ̀fúùfù jẹ́jẹ́, ó lè gbé ọ fún ìgbà díẹ̀. Lójú òkun, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ńlá yẹn, ìdí rẹ̀ á já.

Ó gbé páálí tó kàn sókè kó tó wò mí. Ó ní, "Màmá mi ló de mẹ́dààlì yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí tèmi, láti kékeré mi. Kò sí ibi tí nǹkan máa ti ṣe mí nínú ọkọ̀ yẹn. Ìwọ lo lọ tú ọ̀kan. Bí nǹkan bá ṣe mí, ìwọ lo ṣe é."

Mo padà sínú pikọ́ọ̀pù, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì sọ ọ́ síta pé ó dáa, kó rì. Kó rì, kí bàbá rẹ̀ náà mọ bí ilé ṣe ń rí nígbà tó bá ku èèyàn nìkan síbẹ̀. Mo sọ ọ́ tán, mo retí kó dùn mọ́ mi. Kò dùn mọ́ mi. Mo délé, mo se ẹ̀wà pupa pẹ̀lú ìrẹsì, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo ń rí ọmọ kékeré kan tó gbóná lọ́wọ́ mi, tó ń ké nítorí pé omi Fada tutù. Inú bí mi sí i, nítorí mi ò bẹ̀ ẹ́ kó wá sí mi lọ́kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo mú àáké nínú ilé ìkẹ́rùsí.

Gbogbo ọkọ̀ ti tò sí èbúté ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo débẹ̀, ìdí wọn kọjú sórí ilẹ̀, bébà aláràbarà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lára wọn. Wọ́n ti gbé omi akàn kaná lábẹ́ igi, àwọn tó rí àáké lọ́wọ́ mi sì rò pé igi ìdáná ni mo wá là. Obìnrin kan tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Fada wà lápá ọ̀hún, ó ń wọ́n omi mímọ́ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, orin sì ń lọ. Ọkọ̀ Clovis fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìkẹyìn lórí ìlà. Ẹ́ńjìnnì tuntun náà dúdú, ó tóbi, ìdí ọkọ̀ sì ti tẹ̀ sínú omi nítorí rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí mẹ́dààlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti ń mu omi. Renella wà níwájú ọkọ̀, ó ń so bébà mọ́ irin. Clovis dúró lórí pákó èbúté, ó fi fìlà sáyà, ó ń retí Fada.

Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ tètè ṣe é. Ọkọ̀ tí Fada bá ti bùkún, irin mímú kò gbọdọ̀ kàn án títí ọjọ́ á fi ṣú lọ́jọ́ kejì, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí omi mímọ́ bá kàn án, ó di ọjọ́ Ajé, ó di ojú òkun.

Mo gba ẹ̀yìn Clovis kọjá, mo sọ̀ kalẹ̀ sórí pákó tó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọkọ̀, mo sì gbé àáké.

Àkọ́kọ́ fọ́ awọ òde bí ẹni fọ́ èèpo ẹyin. Orin dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, àáké wọlé dé ọrùn, kò sì dún rárá. Mo fà á, ó mú pákó bọ̀, bí ìyẹn bá ṣeé pè ní pákó. Dúdú ni, tútù ni, ó ń já lulẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, omi pupa sì ń dà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo là gba àárín àwọn mẹ́dààlì, wọ́n sì jábọ́, sikúrù àti gbogbo rẹ̀, láìfi agídí kankan.

Ọwọ́ Clovis wá sí mi lọ́rùn. Àáké bọ́ sínú odò. Ó ń pariwo ohun tí mi ò gbọ́, Nolan ń fa apá rẹ̀, Renella sì ń sáré bọ̀ látiwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ìkúùkù. Ìwúwo rẹ̀ ló ṣe é. Bó ṣe dé ẹ̀yìn, ìdí ọkọ̀ ké, ẹ́ńjìnnì ńlá náà sì tẹ̀ sẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí arúgbó tó fẹ́ jókòó, ó wà lórí bóòtì òkè nìkan, odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ọkọ̀. Ní èbúté. Lórí omi tí kò ní ìgbì. Àwọn ọkùnrin bẹ́ sínú odò, wọ́n ju okùn, wọ́n fi èjìká gbé ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì fa ọkọ̀ náà gun bèbè.

Renella dúró nínú omi tó dé orúnkún rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ihò tí mo là, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, ó wò ó. Ó tún fi ọwọ́ kejì bù. Kò wò mí, kò sì wo bàbá rẹ̀.

Ọlọ́pàá kan wà níbẹ̀ tó wá jẹ akàn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá béèrè lọ́wọ́ Clovis pé kí ni kí òun ṣe sí mi. Clovis kò gbọ́. Ó ti kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń ṣa mẹ́dààlì jọ. Ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó fi í sínú fìlà rẹ̀. Nígbà tó ṣa wọ́n tán, ó gbójú sókè, ó sì pe orúkọ mi.

Ó ní, "Elvire. Èwo nínú wọn ló jẹ́ kí omi wọlé?"

Kò sí ìjà nínú ohùn rẹ̀. Ká ní ìjà wà níbẹ̀, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ọkùnrin yẹn ti ń ro ó láti ìgbà tó ti kúnlẹ̀, pé obìnrin rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò tí ọmọ wọn ì bá fi bómi lọ, lọ́dọọdún, pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu. Mo mọ ìdáhùn. Gbogbo ẹni tó bá ní ojú ló mọ̀ ọ́n. Pákó níbi bóòtì lókè ṣì pọ́n, ó gbẹ, òun ló gbé ẹ́ńjìnnì dúró títí wọ́n fi fà á gòkè. Láti ìdí mẹ́dààlì ni dúdú ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúdú jù nídìí èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí Leontine kọ́kọ́ dè.

Renella ti yíjú sí mi wàyí. Ẹnu mi ló ń wò, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì kún fún ìdọ̀tí yẹn.

Mo ní, "Mẹ́dààlì wo? Bóòtì ẹ́ńjìnnì rẹ ni. Ìwọ lo lu ihò rẹ̀, o ò fi gọ́ọ̀mù sí i, torí pé ahun ni ọ́. Látòkè lomi ti ń ṣàn bọ̀ wálẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé irin mẹ́dààlì ìyàwó rẹ di pákó yẹn mú, ìdí ọkọ̀ rẹ ì bá ti já tipẹ́, ọ̀lẹ."

Ẹ̀jẹ̀ padà sójú rẹ̀. Ó dìde, ó gbé fìlà mẹ́dààlì náà mọ́ àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ó bú bàbá mi, ó bú Ferrel nínú sàréè rẹ̀, ó ní obìnrin tí kò mọ nǹkan kan ló wá ń kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń de bóòtì. Ó sọ fún ọlọ́pàá pé kó mú mi lọ, pé gbogbo owó ọkọ̀ òun ni mo máa san. Èmi náà bú u padà, mo sì gbé ohùn sókè dáadáa, kí ohun tí mo sọ lè dúró.

Renella tẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ odò, ó sì fọ̀ ọ́. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́. Ó ti rí ibi tí pákó ti gbẹ àti ibi tó ti jẹrà, ó mọ̀ bí èmi ṣe mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan.

Wọ́n fi mí sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá. Mo ń gbọ́ ohùn Clovis láti ibẹ̀, ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bóòtì fún Nolan, fún Fada, fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró, pé òun ni òun fà á, pé ìwà ahun ló ṣe òun, pé mẹ́dààlì ló gba ọmọ òun là. Ọjọ́ mélòó ni mo ti fi sọ òótọ́ fún ọkùnrin yìí nípa ọkọ mi, tó ní irọ́ ni. Irọ́ yìí, ó gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tilẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀kejì.